Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi àti Tẹ́tẹ́ Kigali

Ẹni tó bá ń fi ìwé ìròyìn kíkọ jẹun ní ìyà kan tó máa ń jẹ ẹ́ nílé. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbà pé kò sí ohun tí kò mọ̀. Bí mo bá ti Àkúrẹ́ dé Òkìtìpupa báyìí, kí n tó gbé báàgì sílẹ̀, ẹnì kan á ti bi mí pé èló ni dọ́là, ẹlòmíràn á ní kí n dárúkọ ẹni tí wọ́n máa fi ṣe kọmíṣánnà. Ìyá arúgbó kan tilẹ̀ bi mí rí bóyá lóòótọ́ ni ìjọba tún fẹ́ pààrọ̀ owó. Gbogbo wọn ni mo máa ń dá lóhùn. Èyí tí mi ò bá mọ̀, màá fi ọgbọ́n yí i. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi mí ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 2025 kò ṣeé fi ọgbọ́n yí, nítorí pé owó wà nínú rẹ̀.

Mo gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́wàá kí n lè tún òrùlé ìyá mi kàn. Òjò ọdún náà kò fi ojú rere wo páànù wa rárá. Èmi àti káfíńtà wà níta, à ń ka páànù, ni ọmọ àbúrò ìyá mi gun ọ̀kadà rẹ̀ wọ àgbàlá. Òkìtìpupa sí Ìlútitun ló ń ná, ọ̀kadà ọ̀hún kò sì tíì di tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń sanwó fún ẹni tó rà á fún un, bí ó bá sì pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, ẹni náà á wá gbé e. Ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti máa ń ṣe é, ó na fóònù sí mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí. Nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, ta ló máa gbà á?”

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Lóde òní, ta ló ń pe kẹ̀kẹ́ tí ọkàn èèyàn ń lọ sórí ológeere? Ìgbà tí mo fi awò ojú mi wọ̀ ọ́ ni mo rí i pé kẹ̀kẹ́ gidi ni, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, àti pé ìdíje àgbáyé ti Kigali ni ọmọ náà ń sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tẹ̀lé e, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Láti ọdún 1921 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje àgbáyé fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lójú títì. Kò tíì wá sí ilẹ̀ aláwọ̀dúdú rí. Kigali, olú-ìlú Rwanda, ló ti kọ́kọ́ dé Áfíríkà, láti ọjọ́ 21 sí ọjọ́ 28 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 2025. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń mú àwọn ọmọ tirẹ̀ wá, ẹni tó bá sì borí yóò wọ ẹ̀wù funfun tó ní ìlà aláràbarà láyà, yóò máa wọ̀ ọ́ sá gbogbo irú eré bẹ́ẹ̀ títí ọdún yóò fi yípo.

“Kí ló kàn ọ́ nínú eré kẹ̀kẹ́?” ni mo bi í.

“Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù ti jẹ wá lówó jù. Gbogbo èèyàn ló mọ bọ́ọ̀lù. Èyí, àwọn èèyàn kò mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni pé owó wà níbẹ̀.”

Ẹ wo ọgbọ́n! Bí ẹni pé àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ náà kò mọ̀ ọ́n.

Kí n má purọ́, inú mi dùn pé ó bi mí. Mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ láti kékeré, mo sì ti ń tẹ̀lé eré rẹ̀ láti ọdún 2022, nígbà tí Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, gba eré Gent–Wevelgem ní ilẹ̀ Belgium mọ́ àwọn òyìnbó lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ̀lé ọmọ yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ wọn nítòsí ibùdókọ̀. Ẹ mọ bí irú ibẹ̀ ti máa ń rí: bẹ́ǹṣì gígùn, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta lára ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ kún fún tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti fà ya. Wọ́n fún mi ní àga. Ó tó ọ̀dọ́kùnrin mẹ́jọ tó yí mi ká, ni mo bá di olùkọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà náà, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ọ̀nà kò lè mọ ẹni tí yóò gùn ún. Eré àwọn ọkùnrin jẹ́ kìlómítà 267 àtààbọ̀. Bí ẹ bá gbéra ní Òkìtìpupa lórí kẹ̀kẹ́, tí ẹ dé Èkó, ẹ kò tíì ní sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Ìlú olókè ni Kigali, òkè tí wọ́n máa gùn lápapọ̀, tí wọ́n bá tò ó léra, ju mítà 5,400 lọ. Ìyípo 15 ni wọ́n máa ṣe láàrin ìlú, ìyípo kọ̀ọ̀kan ló ní òkè Kimihurura tí wọ́n fi òkúta tẹ́ lójú, láàrin méjì wọ́n á tún yà lọ gun Mont Kigali, tó gùn tó kìlómítà mẹ́fà. Wọn á wá gun ògiri kékeré kan tí wọ́n tún fi òkúta tẹ́, tó dàgẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwa fi máa sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ ni. Gbogbo èyí lórí ilẹ̀ tó ti ga ju mítà 1,400 lọ sókè òkun tẹ́lẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ fún ẹni tó ń mí gúlegúle.

“Ta ló wá lè gun irú rẹ̀?” ni ọ̀kan wọn bi mí.

Mo ní ẹni àkọ́kọ́ ni Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia. Ó ti gba Tour de France ní ìgbà mẹ́rin, ní 2020, 2021, 2024 àti 2025. Òun ló sì gba ìdíje àgbáyé yìí ní Zurich ní 2024, níbi tó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ṣì ku nǹkan bí 100 kìlómítà, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Kò dàrú. Ẹnì kejì ni Remco Evenepoel ti Belgium. Ọmọ yìí gba góòlù méjì ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, ó sì ti gba ìdíje àgbáyé yìí ní 2022. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì, mo dárúkọ Isaac del Toro, ọmọ Mexico tí kò tíì pé ọdún 22, tó ṣe ipò kejì ní Giro d’Italia 2025. Juan Ayuso ti Spain. Tom Pidcock ti Britain, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ipò kẹta ní Vuelta. Àti Ben Healy ti Ireland, ọmọ tí kì í mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi. Jonas Vingegaard kò wá. Mathieu van der Poel kò wá. Àìwá àwọn yìí náà wà lára ohun tó yẹ kí ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ mọ̀.

“Girmay ńkọ́?” Ọmọ àbúrò ìyá mi ló bi í, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. “Áfíríkà ni wọ́n ti ń ṣe é, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Áfíríkà ni. Ẹ sì wo ọ́ọ̀dì rẹ̀!”

Mo wò ó. Ọ́ọ̀dì náà ga bí igi ìrókò. Ti Pogačar sì kéré bí owó iyọ̀.

Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Akọni ni Girmay. Ní ọdún 2024 ó gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń fún ẹni tí àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ pọ̀ jù. Kò sí ọmọ Áfíríkà tó ṣe é rí. Ní 2022, lọ́jọ́ tó gba ìpele kan ní Giro, ìdérí ìgò wáìnì tó ń ṣí fò bà á lójú, eré náà sì parí fún un níbẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá, tó sì padà wá, ó yẹ ní kíkí. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ títẹ́ àti òkè kúkúrú ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá. Mítà 5,400, fún ẹni tí ara rẹ̀ wúwo fún eré àsápajúdé, ìyà ni. Ìfẹ́ ló ń gbé owó lọ sórí Girmay, ìfẹ́ kì í sì í bá èèyàn gun òkè.

“Nàìjíríà ńkọ́?” ni ẹnì kan tún bi mí láti ẹ̀yìn.

Mo sọ ìtàn Ese Ukpeseraye fún wọn, ọmọbìnrin tó gun kẹ̀kẹ́ fún wa ní Òlíḿpíìkì Paris. Nígbà tí ọjọ́ ti lọ ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí eré inú gbọ̀ngán, èyí tó ní irú kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọ náà kò sì ní in. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní kẹ̀kẹ́ kó tó lè díje. Wọ́n rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù náà, irú ẹ̀rín tí a máa ń rín nígbà tí a kò bá mọ ohun tí a ó ṣe.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọ́ọ̀dì fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti rí i pé àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lójoojúmọ́, kò tíì ronú nípa ohun tí wọ́n ń rà. Mo yọ owó ẹyọ kan láti àpò, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi í ṣe ohun ìrántí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a sọ ọ́ sókè, orí tàbí ìdí. Ọlọ́gbọ́n lé e ní 2.00 sí 2.00, kò sí ẹni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Ṣùgbọ́n onítẹ́tẹ́ kò ní fún ọ ní 2.00, 1.90 ni yóò fún ọ lórí ìkọ̀ọ̀kan. Bí o bá fi ₦1,000 sórí ìkíní, tí ọ̀rẹ́ rẹ fi ₦1,000 sórí ìkejì, ₦2,000 ló wọlé, ₦1,900 ló jáde. Ọgọ́rùn-ún náírà ti wọ àpò bàbá onítẹ́tẹ́ kí owó ẹyọ tó balẹ̀. Kò bìkítà bóyá orí ni àbí ìdí. Bí ẹ bá wá wo eré tí ó ní èèyàn tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, ìgbà mélòó ni irú ọgọ́rùn-ún náírà bẹ́ẹ̀ lè fara pamọ́ sí?

Mo tún ní kí wọ́n gbà pé wọ́n ta ẹnì kan ní 1.25. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin di ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó dùn létí. Ṣùgbọ́n kó tó lè jẹ́ pé o kò jèrè, o kò pàdánù, ẹni yẹn gbọ́dọ̀ borí ní ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Táyà kò gbọ́dọ̀ jò. Inú kò gbọ́dọ̀ run ún. Ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ṣubú síwájú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ pé Pogačar ló lágbára jù kò tíì mọ nǹkan kan. Ọ́ọ̀dì náà ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ̀, ó sì ti yọ owó rẹ̀ kúrò.

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́run. Àfi bí ọmọ àbúrò ìyá mi ṣe súnmọ́ mi létí, tó ní: “Gbogbo rẹ̀ yé mi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ẹ sáà bá mi yàn án. Ojú yín dá lára nǹkan.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi. Mo ti gbọ́ ọ rí, láti ẹnu ẹlòmíràn.

Akọ̀pẹ ni bàbá mi. Kò kàwé. Ohun tó ní láyé kò ju igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ, àdá, rédíò kan, àti kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú tí àwa ń pè ní Rálè. Orí rẹ̀ ló ń di ìdì ẹyìn sí bọ̀ láti oko, mẹ́rin mẹ́rin nígbà mìíràn, orí igi rẹ̀ níwájú ni èmi ń jókòó sí lọ sí ilé ìwé láàárọ̀. Ẹ mọ orúkọ ìlú wa, òkìtì tó pupa ni. Bí a bá dé ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè, bàbá mi kì í jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Á dìde lórí ìjókòó, á máa fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, màá sì máa gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn etí mi. Títí dòní, bí mo bá rí oníkẹ̀kẹ́ tó dìde lórí òkè lójú tẹlifíṣọ̀n, etí yẹn kan náà ló máa ń gbóná.

Bàbá mi a máa ta púùlù. Ní ọdún 1988, tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo ń ka fọ́ọ̀mù fún un. Ẹ̀yin àgbà tó wà nígbà yẹn á rántí: ọ̀mì là ń wá. Màá ka Grimsby, màá ka Plymouth, màá ka Rotherham, màá ka Partick Thistle, mi ò mọ ibi tí ìkankan wọn wà láyé, bàbá mi á sì ní, “Èwo ló wù ọ́?” Èyí tí orúkọ rẹ̀ bá dùn lẹ́nu mi ni mo ń fi bírò mú. Ọ̀sẹ̀ kan báyìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo mú jẹ́ ọ̀mì. Bàbá mi gba ₦90. Ó ra sáńdà fún mi, ó ra búrẹ́dì àti sàdíìnì wálé, ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń mu ẹmu pé ojú ọmọ òun dá lára nǹkan.

Ẹ wò ó, kò sí ohun tó ń ba ọmọ kékeré jẹ́ bí irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́.

A pàdánù ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a pàdánù èyí tó tún tẹ̀ lé e, títí gbèsè fi wọlé. Ní òpin ọdún náà bàbá mi gbé Rálè jáde láàárọ̀, ó sì padà wálé lẹ́sẹ̀. Ó ti tà á fún ọkùnrin kan ní àdúgbò kejì. Ó fi ìdajì owó náà san gbèsè, ó fi ìyókù sórí àwọn mẹ́ta tí mo yàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta a jókòó ti rédíò. Ọ̀mì ni èkíní. Ọ̀mì ni èkejì. Wọ́n ka ẹ̀kẹta: ìkan sí òdo. Bàbá mi pa rédíò. Kò wo ojú mi. Ó ní, “Lọ jẹun.”

Kò bá mi wí rí nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tún ní kí n ka fọ́ọ̀mù mọ́. Ẹsẹ̀ la fi ń rìn lọ sí ilé ìwé àti oko láti ìgbà náà. Ọkùnrin tó ra kẹ̀kẹ́ a máa gbà ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọjá, a máa tẹ agogo rẹ̀ láti kí wa. Bàbá mi á gbé ọwọ́ sókè, á ní, “Ẹ kú ìrìn o.” Èmi á wọlé.

Èyí ni mo gbé sínú nígbà tí ọmọ yẹn ń sọ̀rọ̀ sí mi létí. Mi ò sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Mo kàn ní mi ò lè yan nǹkan kan fún un.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 21, wọ́n sá eré àdásá, níbi tí oníkálukú ti ń dá gbéra, tí aago sì ń dá a lẹ́jọ́. Ọjọ́ ìbí Pogačar gan-an ni, ó pé ọdún 27. Evenepoel, tó gbéra lẹ́yìn rẹ̀, lé e bá lójú ọ̀nà ó sì kọjá lára rẹ̀, bí ọ̀kadà ti ń kọjá lára onípupuru tó ru ẹrù. Ìgbà kẹta léraléra nìyẹn tí Evenepoel gba eré àdásá àgbáyé. Pogačar ṣe ipò kẹrin. Ẹ̀yin náà lè fojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, ẹni yín ti rẹ̀ o!” Mo ní kí wọ́n má yára. Àdásá yàtọ̀ sí eré àgbájọ. Wákàtí kan kò tó ni wọ́n fi ń sá èkíní, èkejì ju wákàtí mẹ́fà lọ. Wọn kò gbọ́.

Ní Sátidé ni eré àwọn obìnrin, kìlómítà 164. Níbi tí mo ti ń bá káfíńtà sọ̀rọ̀ lórí àkàbà ni mo ti ń ka orúkọ àwọn tó ṣeé ṣe kó gbà á, ọ̀rọ̀ lásán, láti fi ṣe fáàrí. Mo ní Demi Vollering ti Netherlands. Mo ní Pauline Ferrand-Prévot ti Faransé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Tour de France àwọn obìnrin. Mo ní Marlen Reusser ti Switzerland, tó ti gba àdásá ní Kigali náà. Mo sì ní Kim Le Court, ọmọ Mauritius, ọmọ Áfíríkà tí òkè kì í bà lẹ́rù, tó gba Liège–Bastogne–Liège ní ọdún yẹn gan-an.

Ta ló gbà á? Magdeleine Vallieres, ọmọ Canada, ẹni ọdún 24, tí mi ò dárúkọ rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà tí mo kà yẹn ń ṣọ́ ara wọn. Èyí ń wò pé kí ìyẹn lé àwọn tó wà níwájú, ìyẹn ń wò pé kí èyí ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ń lọ. Ní Kimihurura ìgbẹ̀yìn, Vallieres fi Niamh Fisher-Black ti New Zealand àti Mavi García ti Spain, ìyá ẹni ọdún 41, sílẹ̀, ó lọ. Mo pàtẹ́wọ́ fún un nídìí fóònù mi. Ó ti pẹ́ tí eré kan ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ni ọmọ àbúrò ìyá mi wá. Ojú rẹ̀ ti fà ro. Ó wà nísàlẹ̀ àkàbà láàárọ̀ nígbà tí mò ń ka orúkọ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló fi sórí Vollering, nítorí òun ni mo kọ́kọ́ dárúkọ.

Àyà mi já. Mi ò yan nǹkan kan, síbẹ̀ mo tún ti bá ẹnì kan yàn án.

Ìgbà yẹn ni mo jókòó tì í lórí pèpéle, tí mo sọ ọ̀rọ̀ Rálè fún un, láti orí títí dé ìdí. Ó gbọ́ ọ láìfọhùn. Bàbá mi ti kú kí ó tó gbọ́n. Nígbà tí mo parí, ó bi mí: “Ẹgbẹ́ wo ni ẹ̀kẹta yẹn, Ẹ̀gbọ́n?” Mo ní mi ò rántí mọ́. Irọ́ ni mo pa, mo rántí.

Kí n sì sọ ti ara mi. Ìyókù owó páànù, ₦150,000, wà nínú àpò mi lóru ọjọ́ náà, oorun kò sì tètè kùn mí. Mo ń ṣírò. Ó dá mi lójú pé Pogačar ni. Mo ń ṣírò iye tí yóò lé lórí 150,000, mo rí i pé yóò ra ìṣó àti igi tó kù, mo sì ń ronú pé ìyá mi kò ní mọ̀. Ó tó aago méjì òru kí n tó gbé owó náà sábẹ́ ìrọ̀rí ìyá mi. Ẹni ọdún 46 nìyẹn o, tó ti fi owó ẹyọ kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 28, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, èèyàn márùn-ún nídìí fóònù kan. Mi ò bi ọmọ náà léèrè bóyá ó ta nǹkan kan. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń yí ìlú ká, èèyàn sì kún ẹ̀gbẹ́ títì Kigali bí ọjọ́ ọdún, àwọn ọmọ wà lórí igi. Nígbà tí wọ́n dé Mont Kigali, ó ku kìlómítà tó ju 100 lọ, Pogačar dìde lórí ìjókòó. Ayuso tẹ̀ lé e díẹ̀, ó já. Del Toro bá a rìn, inú rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, òun náà já. Láti nǹkan bí kìlómítà 66 sí òpin, Pogačar nìkan ló kù níwájú.

Lẹ́yìn, Evenepoel ti kó sínú kòtò, ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti rọ̀ sílẹ̀. Ó pààrọ̀ kẹ̀kẹ́. Kò bá a lára mu. Ó dúró lẹ́bàá títì, ó ń fi ọwọ́ na ìjókòó náà, ó ń pariwo, ó ń dúró de kẹ̀kẹ́ mìíràn.

Ọmọ àbúrò ìyá mi fò dìde. “Ẹ fún un ní kẹ̀kẹ́! Kí ló ń ṣe àwọn èèyàn yìí? Ẹ fún un ní kẹ̀kẹ́!”

Báyìí ni mo ṣe mọ ibi tí owó wà.

Evenepoel gun kẹ̀kẹ́ kẹta yẹn bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀ gbé. Ó ń já àwọn èèyàn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń lé, kò sì lé e bá. Pogačar dé lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà ó lé díẹ̀, Evenepoel tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, kò tilẹ̀ pé bẹ́ẹ̀, Healy ọmọ Ireland ṣe ẹ̀kẹta. Nínú àwọn tó ju 160 tó gbéra, 30 péré ló parí rẹ̀. Girmay kò sí láàrin àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ igi wa.

“Èló?” ni mo bi í nígbà tí àwọn yòókù lọ.

“Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré, Ẹ̀gbọ́n.”

Mo wo ojú rẹ̀. Ó wo ọ̀kadà. Mi ò bi í mọ́. Lọ́jọ́ Ajé ló máa san owó ọ̀sẹ̀ náà, èmi náà ọjọ́ Ajé ni màá padà sí Àkúrẹ́, mo sì ti pinnu nínú mi pé òun ló máa gbé mi lọ síbùdókọ̀, kí n lè rí bóyá ọ̀kadà náà á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá mi ń fi pupuru sínú agbọ̀n nígbà tí mo wọlé. Ó ti ń gbọ́ ariwo wa láti ọ̀sán.

“Ta ló wá gbà á?”

“Ọmọ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Slovenia, Màmá. Òun nìkan ló dá wà níwájú fún ibi tó jìn ju Ọ̀rẹ̀ lọ.”

“Ó mà ṣe iṣẹ́ o. Ṣé òun ló ni kẹ̀kẹ́ ọ̀hún?”

Mo ní rárá, pé àwọn tó ń san owó iṣẹ́ fún un ló gbé e fún un.

Ìyá mi bo agbọ̀n náà. “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ló wí. “Kò ní lè tà á.”